Èémí Tí Wọ́n Fi Sẹ́nu Òkú

Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ máa ń rí nínú fíìmù adẹ́rùbani, ṣúgà ni. Wọ́n á se ṣúgà títí yóò fi ki, wọ́n á po àwọ̀ pupa mọ́ ọn, wọ́n á sì dà á lé ènìyàn lórí. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló mọ ni, à bá dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ooru iná kámẹ́rà á mú un, á lẹ̀ mọ́ irun abíyá, á ṣàn wọnú etí, eṣinṣin á gbọ́, wọ́n á sì ránṣẹ́ pe ara wọn. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ á ti kan, á máa rùn bí ẹnu ẹni tó jí tí kò fọ eyín. Inú ìdọ̀tí yẹn ni ọkùnrin tí à ń sọ yìí ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́.

Ará Ọ̀run ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, iṣẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ga, ó gbẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì jìn wọnú, bó sì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, ojú rẹ̀ á ṣì dà bí ojú ẹni tí kò sùn. Akunjú tó ń tọ́jú ojú àwọn òṣèré máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìwọ, ọ̀dà díẹ̀ la nílò. Ọlọ́run ti bá wa ṣe èyí tó le jù." Ó ti rì sómi, ó ti jóná, wọ́n ti sin ín láàyè. Ó ti jáde láti inú kànga, láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, àní ó ti jáde rí láti inú ẹ̀rọ ìfọṣọ, nínú fíìmù kan tí òun fúnra rẹ̀ kò lè wò tán nítorí ẹ̀rín. Bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ńṣe ni àwọn tó ń dúró de àga á rántí pé irun àwọn kò tíì gùn tó bẹ́ẹ̀.

Nínú gbogbo ikú wọ̀nyí, kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo rí. Ọ̀gá rẹ̀, olùdarí eré tó ti ń pa á láti ọdún pípẹ́ wá, kò gbà kí òkú sọ̀rọ̀. Ó ní òkú tó bá ti lẹ́nu ọ̀rọ̀, èèyàn lásán ni.

Bàbá Ará Ọ̀run fẹ́ràn iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ ju bí ọmọ náà ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Kò sí fíìmù tí kò wò. Á pe àwọn ará ilé, á nàka sí òkú tó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á ní, "Ẹ wò ó! Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kú bí ọmọ mi." Ìyá ní tirẹ̀ kò wo ẹyọ kan. "Mi ò bímọ kí n wá máa wo òkú ẹ̀," ló máa ń wí. "Ẹni tí mo gbé pọ̀n, ẹ ní kí n wá wò ó nínú pósí, kí n tún máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ẹ máa wò ó."

Nígbà tí fíìmù Ilé Tó Ń Mí dé, inú Ará Ọ̀run dùn, torí ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òkú yóò jẹ́ olórí eré. Ìtàn náà kò le. Ọmọbìnrin kan gba yàrá nínú ilé àtijọ́ kan, ó sì ń gbọ́ tí ẹnì kan ń mí nínú ògiri. Bàbá arúgbó kan ni wọ́n mọ mọ́ inú ògiri náà láyé ọjọ́un, bàbá náà ni kò sì jẹ́ kí ọmọbìnrin náà rójú ráyè. Ará Ọ̀run ni bàbá inú ògiri. Kò ní sọ̀rọ̀, mímí ni yóò kàn máa mí.

Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ya irú eré bẹ́ẹ̀? Wọn kì í gba ohùn. Bí kámẹ́rà bá ti ṣí, olùdarí ni yóò máa pariwo: "Yí orí! Rọra! Òkú ni ẹ́, ta ló ní kí ara máa yún ẹ?" Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá yà á tán ni wọ́n á wá wọ yàrá ohùn, wọ́n á fi ohùn tó wù wọ́n sí i. Ilẹ̀kùn tó ń ké, ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀, egungun tó ń kán, tó sì jẹ́ pé igi gbígbẹ ni ẹnì kan jókòó tó ń ṣẹ́ níwájú ẹ̀rọ. Iṣẹ́ irọ́ ni. Èmi kò bá wọn jà sí èyí.

Wọn kò tíì ya ibi tí ògiri ti máa là nígbà tí omi kún àyà bàbá Ará Ọ̀run. Ọsibítù gbà á wọlé. Ará Ọ̀run àti ìyá rẹ̀ ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn lẹ́bàá ibùsùn. Àìsàn ò mú àwàdà kúrò lẹ́nu bàbá. Ó ń fi ọmọ rẹ̀ han àwọn nọ́ọ̀sì, ó ń sọ pé, "Ẹ má fojú di í o. Eléyìí ti kú ju gbogbo yín lọ." Ó sì mú kí ìyàwó rẹ̀ ṣèlérí pé, bí òun kò bá sí mọ́, kó bá òun lọ wo fíìmù tuntun náà. "Ẹ̀ẹ̀kan péré," ló wí. "Bí ẹ̀rù bá ń bà ẹ́, dijú. Ṣáà jókòó ti ọmọ náà." Ìyá ní òun gbọ́. Ta ni yóò kọ irú ẹ̀bẹ̀ yẹn?

Ní òwúrọ̀ tó yẹ kí wọ́n ya ògiri, èémí bàbá yí padà. Ará Ọ̀run pe olùdarí lórí fóònù pé òun kò ní lè wá, bàbá òun kò dáa rárá. Olùdarí pòṣé.

"Ẹ̀yin òṣèré! Bí iṣẹ́ bá ti dé báyìí, bàbá gbogbo yín á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ti akunjú ti kú lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí."

Inú bí Ará Ọ̀run. Ìyá rẹ̀ ti jáde lọ bu omi. Ó gbé fóònù sẹ́bàá ẹnu bàbá rẹ̀, kí ọ̀gá lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bóyá irọ́ ni. Kó tó tẹ ibi tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, ó na ọwọ́, ó pa fáànù. Kò rò ó, ọwọ́ rẹ̀ kàn lọ síbẹ̀ ni, torí ẹni tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ fíìmù mọ̀ pé ariwo fáànù máa ń ba ohùn jẹ́. Òógùn bo iwájú orí bàbá, ọmọ dúró tì í, ó di èémí tirẹ̀ mú kó má baà wọ inú ohùn náà.

Èémí bàbá á wọlé, á máa hó bí omi. Á wá dúró. Á dúró títí ènìyàn á fi fẹ́ pe nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà nǹkan kan á ta pó nínú ọ̀fun, èémí á tú jáde, pẹ̀lú súfèé tín-ín-rín kan nídìí rẹ̀. Ará Ọ̀run gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́, ó sì tan fáànù padà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Olùdarí fèsì pé, "Pẹ̀lẹ́ o. Dúró tì wọ́n."

Bàbá kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Wọ́n sin ín. Ará Ọ̀run padà sẹ́nu iṣẹ́, akunjú fi gúlù lẹ rọ́bà tí wọ́n ṣe bí ara jíjẹrà mọ́ ọn lójú, ó wọ inú ògiri páálí, wọ́n ya ohun tí wọ́n fẹ́ yà. Ó rò pé ó parí.

Ẹ wá wo yàrá ohùn. Kò ní fèrèsé. Fóòmù ni wọ́n fi bo ògiri rẹ̀ yíká, fóòmù náà sì ti mu òógùn àwọn èèyàn láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè fọ̀ ọ́. Olùdarí ti bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí tábìlì, ó ń jẹ bísíkíìtì, ó ń wo òkú. Èérún bísíkíìtì ń já bọ́ sára ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣà á jẹ. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń tọ́jú ohùn jókòó sídìí ẹ̀rọ.

"Wá wo ara ẹ," ni olùdarí sọ fún Ará Ọ̀run. "O ò tíì dára tó báyìí rí láyé ẹ."

Wọ́n tan án. Ògiri là. Ojú kan yọ níbẹ̀, rọ́bà àti ọ̀dà, ó sì la ẹnu. Èémí kan jáde láti ẹnu náà.

Ara Ará Ọ̀run mọ̀ ọ́n kí ọpọlọ rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Irun apá rẹ̀ dìde. Èémí náà wọlé, ó hó, ó dúró, ọ̀fun ta pó, súfèé jáde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rí mi lára láti sọ ọ́. Ohun tó kọ́kọ́ rò ni pé, ó dára. Ohùn náà bá ẹnu mu. Lẹ́yìn ìyẹn ló fa garawa ìdọ̀tí tó wà lábẹ́ tábìlì, ó sì bì sínú rẹ̀, lórí ọ̀rá bísíkíìtì.

Olùdarí sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, inú rẹ̀ dùn. "Ó dáa tó bẹ́ẹ̀?" Ó rí èébì, ó pè é ní ìyìn.

"Ọ̀gá, bàbá mi nìyẹn."

"Mo mọ̀."

"Bàbá mi ni ẹ fi sí mi lẹ́nu!"

"Ìwọ lo fi ránṣẹ́ sí mi."

"Mo fi ránṣẹ́ kí ẹ lè gbà pé wọ́n ń kú lóòótọ́ ni."

"Mo sì gbà," ni olùdarí wí, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. "Ta ló máa gbọ́ èyí tí kò ní gbà? Ohùn náà mọ́ tónítóní. Kò sí ariwo kankan lẹ́yìn ẹ̀. Bí ẹni pé o gbà á fún mi ni."

 Ará Ọ̀run rántí fáànù tó pa. Ọ̀dọ́kùnrin ìdí ẹ̀rọ ò lè wò ó lójú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "wọn ò sọ fún mi. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ṣe é."

Ará Ọ̀run bẹ̀bẹ̀. Ó ní ìyá òun ń bọ̀ wá wo fíìmù náà, ó ti ṣèlérí fún òkú, kò sì sí bí òun ṣe lè dá a dúró. Ó ní obìnrin náà jókòó ti èémí yẹn tọ̀sán-tòru, kò yẹ kó tún wá bá a níbi tí àwọn ọmọ aráyé ti ń jẹ gúgúrú. Olùdarí gbọ́ tán, ó ha orí. Kì í ṣe ìkà. Ìyẹn gan-an ló ń rí ènìyàn lára nípa rẹ̀. Kò ní ibi lọ́kàn, fíìmù nìkan ló ní níbẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Mú òmíràn wá. Bó bá dáa tó èyí, màá yọ bàbá ẹ kúrò. Bí kò bá dáa tó o, bàbá á wà níbẹ̀."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀dọ́kùnrin gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn síwájú ẹnu rẹ̀, Ará Ọ̀run mí. Olùdarí mi orí. Ó fi omi sí ọ̀fun, ó tún mí, omi wọ ibi tí kò yẹ, ó wúkọ́ títí omijé fi jáde. Olùdarí ní, "Ẹni tó ń mí ni mò ń gbọ́. Mi ò tíì gbọ́ ẹni tí kò lè mí mọ́." Ó gbìyànjú kí ó mí bí àwọn òkú tó ti ṣe rí, ẹni tó rì, ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, gbogbo wọn ló dún bí eré. Gbogbo ọgbọ́n tó ti fi jẹun, kò rí ọ̀kan lò nínú rẹ̀.

Ó mọ ohun tó kù. Kò fẹ́ ẹ, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n. Ó dùbúlẹ̀ sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì tó ń rùn. Ó ní kí ọ̀dọ́kùnrin náà gbé àpótí irinṣẹ́ lé òun láyà. Ó la ẹnu, kò gbé itọ́ mì, ó jẹ́ kí itọ́ náà sé ọ̀fun rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rántí. Bí àgbọ̀n bàbá rẹ̀ ṣe wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ibi tí ahọ́n rẹ̀ wà. Bí èjìká rẹ̀ ṣe ń gbéra kí èémí tó wọlé, bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù. Ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó gbé e wọ̀ bí ẹni gbé ẹ̀wù ẹlẹ́wù wọ̀. Ó mí.

Nígbà tó lajú, olùdarí ti dìde dúró. Ọ̀dọ́kùnrin náà ti yọ agbọ́hùn kúrò létí, ó gbé e jìnnà sí ara rẹ̀. Wọ́n fi ti bàbá àti ti ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n tan ọ̀kan, wọ́n tan èkejì, kò sẹ́ni tó mọ ìyàtọ̀ wọn. Olùdarí fúnra rẹ̀ ló tẹ ibi tí wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́, ti bàbá lọ pátápátá. Ó gbá Ará Ọ̀run léjìká. "Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé o mọ iṣẹ́ yìí."

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ó délé, ó fọ ẹnu, ó tún un fọ̀, ó fọ̀ ọ́ títí èrìgì rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀. Itọ́ ara rẹ̀ ń rí i lára. Bó bá fẹ́ sùn, tó bá gbọ́ èémí ara rẹ̀ lórí ìrọ̀rí, á jókòó. Ṣùgbọ́n ó ń tu ara rẹ̀ nínú pé ó kéré tán, bàbá ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Èyí tó kù níbẹ̀, irọ́ ni, bí igi gbígbẹ tí wọ́n ń ṣẹ́ tó ń pe ara ẹ̀ ní egungun. Kò sí ohun tí irọ́ lè fi ìyá rẹ̀ ṣe.

Ọ̀sán ni wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà han aráyé, nínú gbọ̀ngàn ńlá kan. Ìyá wọ aṣọ tó dára, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan bí ẹni tó wá sí ọ́fíìsì ìjọba. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú látìgbà tí iná ti kú. "Níbo lo wà, ọkọ mi?" ló ń bi í ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mi ò tíì jáde, Màámi." "Ó dáa. Má yára." Àwọn èèyàn ń ké, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, gúgúrú ń fò. Ìyá kò dijú rárá. Ẹnu tilẹ̀ ya Ará Ọ̀run, ó sì ń rò ó pé àṣé kò sí wàhálà kankan.

Ògiri là. Ojú jíjẹrà yọ, ó la ẹnu, èémí náà wọlé, ó hó, ó dúró.

 Ìyá na ọwọ́ tó ṣófo sínú báàgì, ó yọ áńkáṣíìfù, ó tẹ̀ síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ náà wá ẹnu kan nínú òkùnkùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń nu ẹnu ọkọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi wà nídùbúlẹ̀. "Mo ti dé," ló ń wí. "Rọra. Mo ti dé." Áńkáṣíìfù náà kan ọrùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó níwájú, ọmọ ọlọ́mọ fò sókè, ó ké tòò, gbogbo ìlà ìjókòó wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá padà jókòó. 

"Bàbá yín nìyẹn."

"Rárá, Màámi. Kì í ṣe wọn. Mo ti ní kí wọ́n yọ tiwọn kúrò."

"Mo jókòó tì í títí tó fi lọ. O fẹ́ kọ́ mi ní èémí ọkọ mi?"

"Èmi ni, Màámi," ló wí. "Èmi ni mo mí i. Mo dùbúlẹ̀, mo ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ẹ má baà gbọ́ tiwọn níbí."

Obìnrin náà yí ojú sí i. Nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ara àwòrán, ó wo ẹnu ọmọ rẹ̀. Lójú àwòrán, ọ̀fun ta pó, súfèé tín-ín-rín náà jáde, ìyá sì ń wo ẹnu ọmọ náà síbẹ̀.

"O wo bó ṣe ń kú," ló wí, "o sì mọ̀ ọ́n ṣe."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ kúrò nínú tirẹ̀. Ó fi áńkáṣíìfù nu ọwọ́ náà, àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, bí ẹni tó fọwọ́ kan ohun tó ti bàjẹ́. Nígbà tó nù ún tán, ó ju aṣọ náà sí ọmọ rẹ̀ lórí itan.

"Nu ẹnu ẹ," ló wí. Fíìmù parí, iná gbọ̀ngàn tàn, gbogbo èèyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pe Ará Ọ̀run pé kó dìde kí àwọn rí i.